Òjò dá ní Kétu ilẹ̀ Benin, àgbàdo pé ọjọ́ 45: ṣé ká hú u ni?

ÀgbẹKétu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará oko. Hẹ́kítà méjì àgbàdo ọlọ́jọ́ 90 ló wà nílẹ̀, ogúnjọ́ oṣù kẹrin la gbìn ín. Òjò ńlá mẹ́ta rọ̀ léra wọn ní oṣù karùn-ún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kàn wọ́ lọ sínú kòtò ni. Láti ìgbà náà, ọjọ́ 12 rèé, ẹ̀kán kan ò kán. Ìhà Idigny tí kò jìnnà sí wa rí òjò. Agogo 11 kò ní tíì lù kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká.

Ìbéèrè mi: ajílẹ̀ yúríà ṣì wà nínú àpò, ṣé kí n dà á? Ṣé ká hú àgbàdo yìí ká fi ẹ̀wà sí i? Màlúù mẹ́jọ tún wà nílé; koríko ti ń yọ òdòdó nígbà tí kò tíì dé orúnkún. Ọkà bàbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti dá dúró ní ìwọ̀n orúnkún, ṣé mo lè kó wọn wọ ibẹ̀?

Aláporo
Ẹ má hú nǹkan kan lónìí. Ẹ lọ sóko lọ́la kí oòrùn tó yọ. Kíká ewé lọ́sàn-án nìkan kò tó ẹ̀rù, omi ló ń ṣọ́ ná. Tí ewé bá ti tẹ́ padà ní agogo mẹ́fà àárọ̀, gbòǹgbò ṣì ń rí omi mu. Tó bá ṣì ká bí ewé àlùbọ́sà lásìkò yẹn, ọ̀ràn ti dé.

Iye òjò tó rọ̀ látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló ń pa àgbàdo, àlàfo tó wà láàárín òjò kan àti èkejì ni. Nínú ilẹ̀ pupa wa yìí, òjò mìlímítà 20 máa ń wọlé tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Àgbàdo tó fẹ́ yọ òdòdó ń mu tó mìlímítà 5 lóòjọ́. Ọjọ́ mẹ́rin, ó tán. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú òdòdó àti ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbẹ, ẹ sì ti wọ inú rẹ̀. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá bá a níbẹ̀, irun ọmọ àgbàdo á pẹ́ kó tó yọ, òdòdó orí á sì ti gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ dànù. Ẹ óò wá bó o, ẹ óò rí eyín kan níhìn-ín, eyín kan lọ́hùn-ún.

Ní ti yúríà: ẹ má fọ́n ọn sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìrì díẹ̀ àti oòrùn ti tó láti sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ẹ dúró de òjò tó tó mìlímítà 15, kí ẹ wá gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5, kó jìnnà sí ìdí àgbàdo ní ìbú ọwọ́ kan, kí ẹ sì bò ó. Ìdajì lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ lò, nítorí òjò alágbára máa ń fọ̀ ọ́ wọlẹ̀ kọjá gbòǹgbò. Tí irun bá ti yọ, ẹ fi ìyókù pamọ́ di ìgbà ọ̀gbìn kejì. Ẹ ro oko náà, ṣùgbọ́n ẹ kàn máa fá orí ilẹ̀ ni. Ọkọ́ tó bá wọlé jìn á gé gbòǹgbò.

Ẹlẹ́wàÀjàṣẹ́
Ọ̀rọ̀ Aláporo dáa, àmọ́ ẹ má dúró títí lọ. Ibi tí ewé ò bá tẹ́ láàárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léra, ẹ gé ibẹ̀ fún màlúù, kí ẹ gbin ẹ̀wà ọlọ́jọ́ 65 lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́. Tí ẹ bá gbìn ín ní ìdajì oṣù kẹfà, àárín oṣù kẹjọ ni á gbó, ìgbà tí òjò máa ń sinmi níbí nìyẹn, á rí oòrùn gbẹ. Kòkòrò ni kí ẹ ṣọ́: ẹ fín oògùn nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so èèhù òdòdó, kí ẹ sì tún un fín lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá ní oògùn, kó má wulẹ̀ gbin ẹ̀wà. Ewé rẹ̀ nìkan ni á rí kó.

DaranṢábẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó màlúù wọ ọkà bàbà yẹn! Ọkà bàbà kékeré tí ọ̀gbẹlẹ̀ dá dúró máa ń ní májèlé nínú, irú èyí tó wà nínú gbágùúdá kíkorò. Ọ̀mùnú tó bá hù lẹ́yìn tí òjò padà dé tún burú jù ú lọ. Ẹran á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á máa gbọ̀n, ó sì lè kú kí wákàtí kan tó pé; dókítà ẹran gbọ́dọ̀ tètè fún un lábẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kó ga ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, tàbí kí ẹ gé e, kí ẹ sá a títí igi rẹ̀ á fi gbẹ ṣáká.

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́wà, ẹ dárí jì mí, àgbàdo tí ẹ ní kí wọ́n gé náà ní májèlé tirẹ̀. Tó bá ti jẹ ajílẹ̀, ìdí igi rẹ̀ ni oró ajílẹ̀ yẹn ń kó sí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gé e. Tí òjò bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan.

Màlúù kan tó wọn kílò 250 ń jẹ tó kílò 6 koríko gbígbẹ lóòjọ́. Ti mẹ́jọ, bíi 50. Tútù ni ẹ óò gé, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni á ṣẹ́ kù tó bá gbẹ, nítorí náà ẹ wá 200 kílò lójúmọ́. Koríko eruwà tó ti yọ òdòdó ti le, ẹ gé e kó tó dé bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ kọjá ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀, torí ìdí yẹn ló máa fi hù tí òjò bá dé.

ÀgbẹKétu
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo lọ wò ó láàárọ̀: ewé tẹ́ ní apá ìsàlẹ̀, ó ká ní orí gegele. Aláporo, kí ni ká ṣe kí òjò tó ń bọ̀ má tún wọ́ lọ?

Aláporo
Ẹ dí aporo. Láàárín ebè méjì, ní gbogbo mítà méjì, ẹ fi ọkọ́ kó ilẹ̀ jọ kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí orí ebè kí omi tó bá pọ̀ jù lè kọjá láì fọ́ ebè. Orí gegele ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ebè yín bá tẹ̀lé ìdagẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ dí i ní mítà kọ̀ọ̀kan.