Kànga gáàsì tó ń rùn lẹ́yìn ilé wa ní Fort Worth: ta ni kí n kọ̀wé sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní Texas. Kànga gáàsì kan wà lẹ́yìn ọgbà àdúgbò wa níbí. Láti oṣù mélòó kan ni òórùn bí epo bẹntiróòlù ti ń fẹ́ wá láti ibi táǹkì wọn, pàápàá lóru. Mẹ́táènì, tó pọ̀ jù nínú gáàsì náà, kò lóòórùn fúnra rẹ̀, ohun mìíràn ló ń bá a jáde. Bẹ́ńsíìnì (benzene, kẹ́míkà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ) ni mò ń bẹ̀rù jù, nítorí àwọn ọmọ.

Òfin EPA (àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń mójú tó àyíká) ti ọdún 2012 ní kí wọ́n máa gba gáàsì tó ń tú jáde nígbà tí wọ́n bá ń parí kànga tuntun tí wọ́n fi agbára omi fọ́ àpáta rẹ̀. Ṣùgbọ́n kànga tiwa ti pẹ́. TCEQ, àjọ àyíká ìpínlẹ̀ Texas, ló ń mójú tó afẹ́fẹ́, Railroad Commission, àjọ ìpínlẹ̀ mìíràn, ló ń mójú tó kànga (orúkọ rélùwéè, iṣẹ́ epo!). Èwo ni kí n kọ́kọ́ pè? Ṣé wọ́n ti bá ẹnikẹ́ni nínú yín gbé kámẹ́rà infrared (tó ń fi gáàsì tí ojú kò lè rí hàn) wá wo ibi tó ń jò rí? Kí ni kí n máa kọ sílẹ̀ títí wọn yóò fi dé: aago, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, àbí kí ni? Onílé wa ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń sùn síbẹ̀.