Lẹ́tà IRS méjì dé lẹ́ẹ̀kan náà: ṣé lọ́yà ni ká gbà?

Ìyá Ìbejì Houston

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo gbé wá. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, òun ló ni ọkọ̀ náà, 1099, ìwé tí wọ́n fi ń ròyìn owó ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ fún ìjọba, ni wọ́n sì fi ń san owó fún un. Kò fáìlì owó orí 2021 rárá. Èmi fáìlì tèmi lọ́tọ̀. Lẹ́tà méjì ló wá dé láti ọ̀dọ̀ IRS, àjọ agbowó orí ìjọba Amẹ́ríkà. Èkíní, LT11, ní ó jẹ 47,300 dọ́là fún 2021, àti pé àwọn fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé owó rẹ̀. Èkejì, CP3219A, jẹ́ ti 2023 tó fáìlì: wọ́n ní 22,000 dọ́là tó wọlé fún un kò sí nínú ìwé tó kọ, kó wá san 6,400 sí i. Ilé iṣẹ́ kan ti pè wá lórí fóònù. Wọ́n ní ká san 6,500 dọ́là ná, àwọn á jẹ́ kí IRS gba ìdá kan nínú mẹ́wàá gbèsè náà. Ṣé ká san án? Kí gan-an ni lọ́yà owó orí ń ṣe tí akáńtáǹtì kò lè ṣe?

Akọ̀wé Owó Orí

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ìbejì. Ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé lẹ́tà méjèèjì sí ojú kan, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí orí wọn. Gbèsè ni LT11. CP3219A kò tíì di gbèsè, awuyewuye ló ṣì jẹ́, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà dáhùn wọn yàtọ̀ pátápátá.

Fún LT11, 30 ọjọ́ ni ẹ ní, láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà, kì í ṣe láti ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín. Fọ́ọ̀mù 12153 ni kó kọ láti béèrè pé kí ẹ̀ka Appeals, tí ń tún ìpinnu IRS yẹ̀ wò, gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lórí LT11 gan-an ni kó fi ránṣẹ́ sí, kó fi certified mail rán an, kó sì tọ́jú rìsíìtì. Bó bá bọ́ sásìkò, wọn ò ní gbẹ́sẹ̀ lé nǹkan rẹ̀ títí Appeals á fi parí ọ̀rọ̀ náà, bí ìdájọ́ wọn kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè lọ sí Tax Court, kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí. Bó bá fi ọjọ́ kan péré pẹ́, wọ́n ṣì lè gbọ́ ọ láàárín ọdún kan, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í dá wọn dúró láti mú owó, kò sì sí Tax Court lẹ́yìn rẹ̀.

Fún CP3219A, 90 ọjọ́ ni. Wọ́n tẹ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn sórí lẹ́tà náà. Tax Court ni ìwé ẹ̀sùn ń lọ, kì í ṣe IRS. Orí ìkànnì DAWSON ti kọ́ọ̀tù náà lẹ ti lè fi ránṣẹ́, 60 dọ́là sì ni owó rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jìn sí kòtò nìyí: wọ́n á kó rìsíìtì ránṣẹ́ sí IRS, IRS á dá wọn lóhùn pé àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fún àwọn ní 60 ọjọ́. Ọkàn wọn á balẹ̀. 90 ọjọ́ á kọjá lórí wọn. Lẹ́tà IRS kì í dá aago kọ́ọ̀tù dúró! Bó bá kọjá, 6,400 yẹn di gbèsè, ẹ sì lè ní láti san án tán kí ẹ tó lè pe ìjọba lẹ́jọ́ láti gbà á padà.

Nípa 47,300, mi ò rò pé iye tó jẹ lóòótọ́ nìyẹn. Ẹni tí kò bá fáìlì, IRS á bá a fáìlì fúnra wọn. Wọn á kó gbogbo ohun tí 1099 fi hàn, wọn ò ní yọ dísẹ́ẹ̀lì, wọn ò ní yọ táyà. Ká ní 104,000 dọ́là ni 1099 rẹ̀ lọ́dún náà, owó orí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn á tó nǹkan bí 29,000, kí ìtanràn àti èlé tó gun orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí dísẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ 38,000, ìnṣọ́ránsì 12,000, táyà àti àtúnṣe 11,000, àwọn wẹ́wẹ́ 7,000, èrè tó kù jẹ́ 36,000. Owó orí ìyẹn, pẹ̀lú ti Social Security àti Medicare, kò ju nǹkan bí 7,000 lọ. Ìtanràn àìfáìlì, tó jẹ́ 5% lóṣù títí dé 25%, á bá a wálẹ̀, torí orí owó orí ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀.

Nítorí náà, kó fáìlì 2021 tòótọ́ kíákíá. Bí rìsíìtì bá ti sọnù, sítétímẹ́ǹtì báńkì, àkọsílẹ̀ káàdì dísẹ́ẹ̀lì, ìwé ìnṣọ́ránsì àti àkọsílẹ̀ wákàtí inú ọkọ̀ á gbà á sílẹ̀. Ẹni tó bá ń dúnàá-dúrà lórí 47,300 láìtíì fáìlì 2021, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Baba Bọ́lá Baltimore

Akọ̀wé ti là á mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti lọ́yà.

Lọ́yà, CPA (akáńtáǹtì tó ní ìwé àṣẹ) àti enrolled agent (ẹni tí IRS fún láṣẹ láti ṣojú èèyàn), àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè dúró fún yín níwájú IRS pẹ̀lú Fọ́ọ̀mù 2848, ìyẹn ìwé tí ẹ fi ń yan aṣojú. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ọdún, kí wọ́n kọ 2021 àti 2023 síbẹ̀. Bó bá jẹ́ 2021 nìkan ló wà níbẹ̀, IRS ò ní bá a sọ̀rọ̀ kankan lórí 2023.

Ibi méjì ni lọ́yà ti yàtọ̀. Àkọ́kọ́ ni Tax Court: ẹni tí kì í ṣe lọ́yà gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò kọ́ọ̀tù náà kó tó lè ṣojú yín níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ṣe é. Èkejì ni àṣírí. Ohun tí ẹ bá sọ fún lọ́yà láti gba ìmọ̀ràn, wọn ò lè fipá mú un kó sọ ọ́. Ààbò tí CPA àti enrolled agent ní kò dé ibi ẹ̀sùn ọ̀daràn. Bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn yín bá ní Special Agent, ìyẹn oníwàdìí ìwà ọ̀daràn ti IRS, ni òun, kí ọkọ yín gba káàdì rẹ̀, kó ní lọ́yà òun á pè é, kó má fi gbólóhùn kan kún un.

Lójú tèmi, kí enrolled agent fáìlì 2021 kó sì kọ 12153. Owó rẹ̀ sábà máa ń fúyẹ́ ju ti lọ́yà lọ. Lọ́yà ni kí ẹ gbà fún ti 2023, àgàgà bí 90 ọjọ́ náà bá ti ń tán lọ. Bí awuyewuye ọdún kan kò bá ju 50,000 dọ́là lọ, ẹ lè béèrè fún ìlànà ẹjọ́ kékeré, tí kò le tó tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níbẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ bi lọ́yà náà: Ṣé wọ́n ti gbà yín wọlé sí Tax Court? Ta ló máa fọwọ́ kan iṣẹ́ wa gan-an? Iye wákàtí mélòó? Owó àkọ́san wa, ṣé inú trust account, àkáǹtì tí lọ́yà ń tọ́jú owó oníbàárà sí, ló ń lọ títí ẹ ó fi ṣiṣẹ́ tó tó o? Kí àdéhùn náà dárúkọ ọdún àti fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Orí ìkànnì State Bar of Texas, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ìpínlẹ̀ yín, lẹ ti lè rí i bóyá ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣì wà.

Ilé iṣẹ́ orí fóònù yẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Offer in Compromise ni ohun tí wọ́n ń sọ, ìyẹn àbá pé kí IRS gba iye tó kéré sí gbèsè. Ohun tó ń ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín lóṣù lẹ́yìn ìnáwó tí IRS fọwọ́ sí ni wọ́n ń sọ di ìlọ́po 12 fún ẹni tó máa san án láàárín oṣù márùn-ún, wọn á wá fi iye dúkìá kún un. Bí 900 bá ń ṣẹ́kù lóṣù, 10,800 nìyẹn, láìtíì ka dúkìá. Owó fọ́ọ̀mù jẹ́ 205 dọ́là, ẹ ó sì fi 20% owó tí ẹ dá lábàá ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, 20% yẹn kò ní padà, inú gbèsè ni wọ́n ń jù ú sí. Bí gbèsè bá ti wálẹ̀ tó bí Akọ̀wé ṣe sọ, ẹ ò nílò èyí rárá. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ kò tó 50,000 lè ṣètò ìsandíẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí ìkànnì IRS.

Bí owó bá há, ẹ wá Low Income Taxpayer Clinic tó wà nítòsí. Ọ̀fẹ́ ni, tàbí owó táṣẹ́rẹ́, lọ́yà sì wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Houston

Ẹ ṣé o, Olúwa á bù kún yín. Ẹyọ kan ṣì kù. Ó ń kọ́ ilé kan lọ́wọ́ ní Mọ́wẹ́, ó sì ní àkáǹtì dọ́là nílé. Ṣé ìyẹn kàn wọ́n?

Àbúrò Lọ́yà

Ó kàn wọ́n gan-an, mà. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé èyí wà nílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ sí Fọ́ọ̀mù 433 kankan kó tó rí lọ́yà. Fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n fi ń béèrè dúkìá, títí kan èyí tó wà lókè òkun, ìbúra ló sì wà lábẹ́ ìfọwọ́sí rẹ̀. Bó bá kọ ilé Mọ́wẹ́ sílẹ̀, wọ́n á kà á mọ́ ohun tó lè san. Bó bá fi pamọ́, ọ̀rọ̀ owó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó.

Ti àkáǹtì tún yàtọ̀. Bí àpapọ̀ owó tó wà nínú gbogbo àkáǹtì rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè bá ti kọjá 10,000 dọ́là lọ́jọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún, ó yẹ kó ti fáìlì FBAR (FinCEN 114), ìwé tí wọ́n fi ń ròyìn àkáǹtì òkèèrè fún ìjọba, fún ọdún náà. Ìtanràn ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ má fáìlì rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tí kò mọ̀ lọ fíìfíì. Lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ èyí fún, kí ẹ tó sọ ọ́ fún akáńtáǹtì, nítorí ọ̀rọ̀ àṣírí tí Baba Bọ́lá sọ. Kí ẹ kó sítétímẹ́ǹtì báńkì ilé náà dání láti 2019 títí di òní, ọdún kan sí ọdún kan, pẹ̀lú iye tó ga jù nínú rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín níyànjú láti fáìlì papọ̀ fún 2021 nísinsìnyí, mà. Ẹni tó bá fáìlì pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, gbèsè ọdún náà di ti àwọn méjèèjì.