“Olè ebi” kọ́: èsì mi lórí “furto famélico”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Láti Ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, tí mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò wa tó ń ṣe ògbufọ̀ ní São Paulo ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ń túmọ̀ ìròyìn kan sí Yorùbá, ó wá kan “furto famélico”, orúkọ tí àwọn amòfin Brazil ń pè é bí ẹni tébi ń pa bá jí oúnjẹ. Ó bi wá pé kí là ń pè é lédè tiwa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, orúkọ mẹ́ta ti wà nílẹ̀: “olè ebi”, “àfọwọ́rá elébi”, àti “àjíjẹ”. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n wa ní London fi gbólóhùn kan ṣoṣo pa gbogbo yín lẹ́nu mọ́: “Olè lolè ń jẹ́.”

Mo fẹ́ bá gbogbo yín jà díẹ̀, títí kan Ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n má bínú.

Ìròyìn ọ̀hún kò gùn. Ní 2021, abiyamọ kan ní São Paulo kó ọ̀rá núdù méjì nínú ṣọ́ọ̀bù (àwa ní tiwa, orúkọ yòówù kó wà lára rẹ̀, Indomie la máa pè é), pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì àti jíúsì oníyẹ̀fun ẹyọ kan. Gbogbo rẹ̀ kò ju réàlì 21.69 lọ. Ó ní ebi ló ń pa òun. Wọ́n tì í mọ́lé, àfìgbà tí ilé ẹjọ́ àgbà kan ní Brasília pàṣẹ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

“Olè ebi” ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mú. Bí a bá ní “olè ewúrẹ́”, ẹni tó jí ewúrẹ́ ni. “Olè adìyẹ” jí adìyẹ. “Olè ebi” wá ńkọ́? Ẹni tó jí ebi ni o! Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹ júwe ilé mi fún un, kó wá gbé tèmi lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kọjá àwàdà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú “olè” ni pé ìwà àti oníwà, orúkọ kan náà la fún àwọn méjèèjì. À ń “ṣe olè”, a sì ń “jẹ́ olè”. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ èèyàn, kì í ṣí kúrò mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan tó wá dàrán borí. Bí ariwo “Olè! Olè!” bá sì sọ láàárín ọjà, ẹ mọ ohun tó ń tẹ̀ lé e: òkúta, táyà, epo bẹntiróòlù. Ọ̀rọ̀ tó lè pa èèyàn kó tó dé tésàn, mi ò rí bó ṣe máa gbé inú orúkọ ohun tí adájọ́ ń wá ọ̀nà láti fi dá èèyàn sílẹ̀.

“Àfọwọ́rá” sàn díẹ̀, torí ohun kékeré ló máa ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ó ti ní mọ̀kọ́mọ̀kọ́ nínú, bíi ti ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń yọ ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ lójoojúmọ́. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ gan-an ni “elébi”. Ẹni tó dá a lábàá kò fi àmì sí i, “elebi” ló tẹ̀ lórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó mọ èyí tó ń wí. Elébi lẹni tébi ń pa. Ẹlẹ́bi lẹni tó jẹ̀bi. Àmì abẹ́ nìkan ló là wọ́n. Ẹ sì wo “jẹ̀bi” fúnra rẹ̀: jẹ ẹ̀bi. Ẹni tó ń wá oúnjẹ tí yóò jẹ, ẹ̀bi la bù fún un. Mi ò sọ pé ebi àti ẹ̀bi bára tan o, wọn ò bára tan, ohùn wọn yàtọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi gbé e lọ sórí Facebook. Mo kàn ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí fóònù lè fi dá èèyàn lẹ́bi láìdúró de adájọ́, ó léwu nínú ìròyìn.

“Àjíjẹ” ló dùn jù létí. Ó kù díẹ̀ kí n gbà á. Ẹ wá pè é sókè. “Jí” tí olè ń jí àti “jí” tí à ń jí láàárọ̀, ohùn kan náà ni. Ajíbádé kò jí adé ẹnikẹ́ni. Ìyá arúgbó tó bá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ń ṣẹjọ́ àjíjẹ lè rò pé oúnjẹ àárọ̀ ló dìjà. Tún wo “jíjẹ”, tí kò ju ká máa jẹun lọ, àti “jí jẹ”, tó jẹ́ pé a jí i ká tó jẹ ẹ́. Àlàfo ló là wọ́n lórí ìwé, ẹnu ò sì mọ àlàfo pè. Bóyá ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wù mí. Síbẹ̀, “jí” ṣì wà níbẹ̀, “jí” yẹn sì ni wọ́n torí ẹ̀ dé kóòtù. Bí a bá ti fi í sínú orúkọ, a ti dájọ́ kí adájọ́ tó jókòó.

Ní 1994 ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé síwájú yín. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo yan iṣẹ́ lódì ni, kẹrosíìnì di ohun tí à ń fi àtùpà wá, igi ni ìyá oníàkàrà wa ní Mọ́kọ́lá padà fi ń dáná. Mo dúró níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọmọkùnrin kan, tí kò lè ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, na ọwọ́ sínú ajere tí àkàrà ti ń ro epo. Ó mú méjì, ó sọ méjèèjì sẹ́nu. Kò sá. Kò lè sá: àkàrà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú agbada ni, ó ń jó o lẹ́nu, ó ya ẹnu sílẹ̀ ó ń mí “háà, háà”, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì tu ú dànù. Ọ̀gbẹ́ni kan lẹ́yìn mi ti figbe ta: “Olè rè é o!” Ìyá oníàkàrà na ìgbákọ sí i, epo ń kán lára rẹ̀, ó ní: “Ta lẹ̀ ń pè lólè? Ó mú un jẹ ni. Ẹ ò rí i pé ó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ ni?”

Ó mú un jẹ ni. Ọ̀rọ̀ tí mo ní nìyẹn: àmújẹ. Àmújẹ ni oúnjẹ tó mú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pe ìṣe náà lórúkọ, ìmújẹ. Ẹni tó ṣe é, amújẹ, pẹ̀lú ohùn àárín níbẹ̀rẹ̀ bíi ti apẹja. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé ajá náà ń mú adìyẹ jẹ. Òótọ́ ni. A kì í sì í gbé ajá lọ sí kóòtù.

Ohun tí ìyá yẹn tọ́ka sí kì í ṣe tuntun. Lóko àwọn baba wa, èrò ọ̀nà tí ebi bá mú lè wa iṣu, kó sun ún níbẹ̀, kó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Bó bá di í sápò, orúkọ rẹ̀ yí padà. (Oko tí wọ́n bá pàálè sí, tí wọ́n so akísà tàbí ṣùkù àgbàdo kọ́, tibẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀.) Òfin inú Ìwé Deutarónómì náà nìyẹn: jẹ èso àjàrà ọmọnìkejì rẹ yó, ṣùgbọ́n má fi sínú ohun èlò rẹ. Àwọn ará Jámánì tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan fún un nínú ìwé òfin wọn, “Mundraub”, tó túmọ̀ sí olè ẹnu. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú òfin ní 1975, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn aráàlú. Ẹnu wọ inú orúkọ tiwọn, olè náà kò sì jáde. A lè ṣe dáadáa jù wọ́n lọ.

Ẹ̀gbọ́n London máa bi mí pé kí ni orúkọ máa yí padà. Ẹ wo ẹjọ́ Ítálì. Ní 2011, ní ìlú Genoa, ọkùnrin ará Ukraine kan tí kò nílé ra búrẹ́dì gbígbẹ, ó sanwó rẹ̀, ṣùgbọ́n wàràkàṣì méjì àti páálí sọ́séèjì kan wà nínú àpò rẹ̀. Yúrò 4.07 lowó wọn. Oníbàárà kan ló tú u fó. Ilé ẹjọ́ ní kó fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà gbára, kó san yúrò 100 lé e. Agbẹjọ́rò ìjọba fúnra rẹ̀ ló pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó ní bí kò ṣe tíì jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n pè é ní ìgbìyànjú láti jalè. Ìyẹn ni pé orúkọ lòun náà ń wá! Ní 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Róòmù kò gba orúkọ kìíní, kò gba ìkejì. Wọ́n ní ohun tó ṣe kì í ṣe ọ̀ràn rárá, nítorí ebi tó wà nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ló fi mú oúnjẹ díẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò dárí jì í. Wọ́n ní ó jàre. Bí a bá wá kọ ìròyìn yẹn ní Yorùbá pé “ilé ẹjọ́ dá olè ebi sílẹ̀”, irọ́ la pa mọ́ àwọn adájọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n fa ọ̀rọ̀ Lord Denning, adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yọ nínú lẹ́tà wọn kejì, nínú ẹjọ́ Southwark tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1971, níbi tí àwọn tí kò rílé gbé ti kó wọ inú ilé ìjọba tó ṣófo. Denning ní bí a bá gba ebi láyè gẹ́gẹ́ bí àwáwí fún olè, a ti ṣílẹ̀kùn fún ìwà àìlófin gbogbo. Ilé irú òfin yẹn náà làwa ti wá. Ẹsẹ 390 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, fún olè ní ọdún mẹ́ta, kò sì bèèrè bóyá ó ti jẹun. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àáfà wa náà máa ń sọ ti Sàyídínà Úmárù, pé nígbà ìyàn tí wọ́n ń pè ní ọdún eérú, ọdún 18 Híjírà, ó dáwọ́ gígé ọwọ́ olè dúró. Ìlú kò dàrú tìtorí ẹ̀.

Ohun tó wá ń dùn mí jù rè é. Àwọn tó ń jí owó ìlú, kí là ń pè é? “Wọ́n kówó jẹ.” A fún wọn ní “jẹ”, bí ẹni pé ebi ló ń pa wọ́n. Ọmọ tó jẹ àkàrà ní tòótọ́, tó ń jó o lẹ́nu, òun la fún ní “jí”. Ẹnìkan nínú yín ti kọ ọ́ pé “jẹ” ti bàjẹ́ torí àwọn olóṣèlú, pé ká yẹra fún un. Èmi ò ní yẹra. Ẹ jẹ́ ká gbà á padà lọ́wọ́ wọn fún ẹni tó ni ín.

Ibi tó ti dí mi lójú ni ti àwọn ọmọ. Abiyamọ São Paulo yẹn kò jẹ ohunkóhun nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ ń bẹ nílé. Ní 1898, ní Château-Thierry ní ilẹ̀ Faransé, adájọ́ Paul Magnaud dá ọmọbìnrin kan sílẹ̀ tó mú búrẹ́dì nílé oníbúrẹ́dì, ẹni tí kò fẹnu kan oúnjẹ fún wákàtí 36, tó ní ìyá àtọmọ lọ́rùn. Bí a bá tẹ̀ lé òfin inú oko ní ṣánṣán, àwọn méjèèjì ti gbé e kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé “mú un fún ọmọ jẹ” ṣì wà lábẹ́ àmújẹ, nítorí “jẹ” kò sọ ẹnu tó máa jẹ ẹ́. Ẹni tó gbé àpò ìrẹsì kan tó lọ tà á, èmi àti Ẹ̀gbọ́n jọ máa pè é lórúkọ rẹ̀. Ti ẹni tó gbé àpò ìrẹsì tó sì fi bọ́ àdúgbò, ẹ bá mi dá sí i, mi ò tíì mọ̀ ọ́n dá.

Ẹ̀gbọ́n tún bèèrè pé ẹni tó ni àkàrà ńkọ́, ṣé òun kò lẹ́tọ̀ọ́ ni? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìwé Òwe gan-an tó ní èèyàn kì í gan olè tébi sún jalè, ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ní kó san án padà ní ìlọ́po méje. Ìyá Mọ́kọ́lá kò kà á tó ìyẹn. Nígbà tí ọmọ náà gbé àkàrà mì tán, ó ní: “Ó dáa. O jẹ mí ní àkàrà méjì o.” Ṣé ẹ gbọ́ “jẹ” kejì yẹn? “Jẹ” gbèsè, ohùn kan náà. Ọmọ náà ru igi wá fún un láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, mo rí i pẹ̀lú ojú mi, ó sì ń fún un lákàrà lé e.

Àbúrò, bó o bá gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ lónìí, mo dábàá kó o kọ ọ́ báyìí: “Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n fi abiyamọ tó mú núdù méjì nínú ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ẹjọ́ àmújẹ ni.” Kọ àmì sí i dáadáa. Bí olóòtú bá yọ àmì kúrò, kọ̀wé sí mi, kí n bá a sọ̀rọ̀.