Corolla mi ń mu ọ́ìlì: ṣé kí n gbé ẹ́ńjìnì Carina E sínú ẹ̀?

Tíṣà Òmù-Àrán:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 1994 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnì 4A-FE tó bá a wá ló ṣì wà nínú ẹ̀. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó máa mu ọ́ìlì ju bẹntiróòlù lọ. Láti ilé dé Ìlọrin péré, bí mo bá fa gèéjì yọ ní Gànmọ̀, ṣóńṣó ẹ̀ nìkan ló ń tutù. Ọlọ́kadà tó bá wà lẹ́yìn mi á kúkú yà sínú koríko nítorí èéfín. Mẹkáníìkì mi ní ríìngì písítìn ti lọ, kí n má wulẹ̀ tú u palẹ̀, kí n wá tòkunbọ̀.

Mo wá rí ẹ́ńjìnì 7A-FE kan n'Ílọrin, wọ́n ní inú Carina E ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọkùnrin náà gbé e lé orí táyà, ó so bátìrì àti brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, mọ́ ọn, ó ki pọ́ọ̀ǹpù sínú kẹ́ẹ̀gì epo. Ẹ̀ẹ̀kan ló gbà! Ọwọ́ mi ti wà nínú àpò kí ìyàwó mi tó fà mí lẹ́wù. Iṣu ni mo máa ń kó, mo fẹ́ agbára. Ṣé ẹ́ńjìnì lítà 1.8 yìí á wọlé, àbí kí n ra 4A mìíràn kí n sinmi?

Rewáyà Gànmọ̀:
Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, á wọlé. Ihò sílíńdà àwọn méjèèjì, mílímítà 81 ni. Ìrìn písítìn ni 7A fi jù ú lọ: 85.5, ti 4A jẹ́ 77. Ìyẹn ló jẹ́ kí blọ́ọ̀kù ẹ̀ ga díẹ̀, ẹ má sì fi táímìn bẹ́lítì 4A sí i, kò ní tó. Carina yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Púpọ̀ nínú 7A inú ẹ̀ jẹ́ lean burn, afẹ́fẹ́ púpọ̀, epo díẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ẹgisọ́ọ̀sì ẹ̀ àti brain box ẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá fi brain box 4A yín darí ẹ̀, ojú yín á rí nǹkan. Ẹ bi í: brain box tó fi tanná ẹ̀ níṣojú yín, ṣé ó wà nínú iye tó pè?

Màmá Ọ̀fà:
Èmi ò mọ písítìn o. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ni kẹ́ ẹ tètè yí nínú ìwé ọkọ̀. Mo pààrọ̀ ti Golf mi, mo sùn lórí ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi l'Ájàṣẹ́-Ìpo, abẹ́ igi ni mo wà di ìrọ̀lẹ́. Ẹ gba rìsíìtì. Kẹ́ ẹ sì ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí: bí ẹ bá rí ohun tó dà bí ògì níbẹ̀, omi ti wọ ọ́ìlì, ẹ máa bá tiyín lọ.

Tíṣà Òmù-Àrán:
Mo pè é. Ó ní, "Alága, ti àyẹ̀wò nìyẹn kẹ̀, ọ̀tọ̀ ni brain box." Nígbà tó fi máa ro owó ẹ̀ mọ́ ti wáyà àti sẹ́ńsọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ́ńjìnì mìíràn. Mo ti san àsansílẹ̀ 4A. Mo ṣí ìdérí ẹ̀, ọ́ìlì dúdú lásán ni. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Rewáyà, ṣé ẹ máa wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé?