Ọmọ mi tí nǹkan kì í tètè yé, ṣé ó lè kọ́ òwò ṣíṣe?

Ìyá Rídwán (Tankẹ, Ìlọrin)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 17, láti kékeré ni nǹkan kì í ti í tètè yé e, ìwé ò wọlé rárá, dókítà ní kì í ṣe àìsàn kì í sì í ṣe pé wọ́n ṣe é, bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀. Ó ń dá wẹ̀, ó ń dá múra, tí mo bá rán an dé ìsọ̀ tó wà ní kọ́nà á lọ á bọ̀, ó sì mọ kọ́sítọ́mà kí ju èmi gan-an lọ. Mo mú u lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ọ̀gá ní òun ò lè máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ títí. Mo mú u lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní dìndìnrìn, omi ni wọ́n ń rán an pọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mo bá lọ mú ọmọ mi kúrò. Àwọn ẹbí wá ń sọ pé kó sáà máa jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ò fẹ́ kó máa jókòó ti ẹnikẹ́ni! Zobo ni mò ń tà. Ohun tí mò ń béèrè ni pé ṣé irú ọmọ yìí lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ra ọjà, tí wọ́n ń tà á, tí wọ́n ń mọ èrè, kó sì jẹ́ tiẹ̀? Owó ló ń dà á láàmú jù, ẹ fún un ní ₦1000 á ní ₦500 ni.

Tíṣà Ọ̀ffà
Ẹ kú ìtọ́jú mà. Ó lè kọ́ ọ. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Special tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, irú àwọn ọmọ yìí náà ni mò ń kọ́. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ wa, wọ́n fẹ́ kí ọmọ máa wò wọ́n títí á fi mọ̀ ọ́n fúnra ẹ̀, àwọn ọmọ yìí ò lè fi wíwò mọ̀ ọ́n, àfi kẹ́ ẹ gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣe zobo, ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ewé ṣíṣàn, ìparí ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ṣe gbogbo ẹ̀ kó ku ìdérí nìkan, òun ni kó dé e kó sì tò ó sínú kúlà. Tí ọwọ́ ẹ̀ bá ti mọ ìyẹn, ẹ fi rírọ sínú ike kún un, lẹ́yìn ìyẹn sísẹ́, kẹ́ ẹ máa padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi ewé. Gbogbo ìgbà tó bá ti fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, ọwọ́ ẹ̀ ló ti máa parí, á rí zobo tó ti tó tà, kò sì ní sú u bọ̀rọ̀. Ẹ fi fóònù ya ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ lẹ fọ́tò náà mọ́ ògiri ibi tẹ́ ẹ ti ń sè é.

Ti owó yẹn, ó dá mi lójú pé àwọ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Látìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ àwọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1000 ní ìparí 2022, tàtijọ́ àti tuntun la jọ ń ná, àwọ̀ ò ṣe é gbára lé mọ́. Ojú èèyàn ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ, ìyẹn ò yí padà. Èèyàn méjì ló wà lórí ₦1000. Ázíkíwè nìkan ló wà lórí ₦500, Àhmádù Bẹ́lò tó wé láwàní wà lórí ₦200, Awólọ́wọ̀ wà lórí ₦100. Owó gidi ni kẹ́ ẹ lò o, ẹ má gé bébà fún un. Kí ike zobo kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦500 géérégé, kó má sí ti ₦350 tàbí ₦400 níbẹ̀. Tí wọ́n bá fún un ní owó tí èèyàn méjì wà lórí ẹ̀, Ázíkíwè kan ni ṣéńjì.

Alhaja Alásọ Òfì (Ìlọrin)
Bàrákàllàhu fíkum, Tíṣà. Aṣọ òfì là ń hun nílé tiwa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tọ́rọ̀ tiẹ̀ jọ ti Rídwán, òwú kíká lọ́wọ́ ẹ̀ wà. Àwọn yòókù á máa kánjú, òwú á lọ́ pọ̀, tiẹ̀ kì í lọ́, á jókòó tì í jẹ́ẹ́ títí á fi tán. Ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti ń san owó ẹ̀, mi ò gbé e fún ìyá ẹ̀, ó sì fi ra híjáàbù tó wù ú, àwọ̀ tí èmi ò lè yàn láéláé, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbi ọ̀rọ̀ yín ni ọjà. Àwọn oníjìbìtì pọ̀ nígboro, wọ́n á ní àwọn ti ṣe tíráńsífà, wọ́n á fi áláàtì ayédèrú hàn án. Káàṣì nìkan ni kó máa gbà, kẹ́ni tó ń tajà nítòsí sì máa fojú sí i, kì í ṣe pé kó bá a tà o.

Ará Òmù-Àrán
Ẹ fi òfin kún un. Ọdún 2018 ni wọ́n ṣe òfin tó lòdì sí yíya àwọn tó ní ìpèníjà sọ́tọ̀, January 2019 ni ààrẹ fọwọ́ sí i. Ó fún irú ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdírì, ó sì ní kí iléeṣẹ́ ìjọba gba àwọn tó ní ìpèníjà síṣẹ́, ó kéré tán 5% nínú òṣìṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ o, àwọn kan wà nínú wọn tí ò ní lè ṣírò èrè láéláé, kò yẹ ká máa tan àwọn òbí jẹ.

Tíṣà Ọ̀ffà
Òótọ́ ni bọ̀dá, gbogbo wọn kọ́ ló máa ṣírò. Àmọ́ kò dìgbà téèyàn bá ṣírò kó tó ṣòwò, ìyá àgbà mélòó ló ń ṣírò sórí bébà ní Ọjà Ọba? Ẹ wá ike méjì tí ẹ ó máa kó owó sí, ẹ lẹ fọ́tò ewé zobo mọ́ ọ̀kan, kẹ́ ẹ lẹ fọ́tò Rídwán mọ́ èkejì. Nínú ₦500 márùn-ún tó bá wọlé, mẹ́ta lọ sínú ike ewé, méjì lọ sínú ike tiẹ̀. Tí ike ewé ò bá tó ra ewé àti ike tuntun, ẹ ṣí i kó fojú ara ẹ̀ rí i pé kò tó.

Ìyá Rídwán (Tankẹ, Ìlọrin)
Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bá yín tọ́ tiyín. Tó bá wá mu nínú zobo tó fẹ́ tà ńkọ́? Torí ó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Tíṣà Ọ̀ffà
Kó ra á bíi kọ́sítọ́mà mà. ₦500 láti inú ike tiẹ̀ sínú owó ọjà, kó tó ṣí ìdérí.

Alhaja Alásọ Òfì (Ìlọrin)
Ìyá Rídwán, ọjọ́ wo lẹ máa ń sè é? Ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, àwọn alásọ òfì tọ́jú ọjọ́ Jímọ̀ fún un, a máa ń pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sọ fún un pé káàṣì la máa mú wá.