Iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tí mo lè fi gba ìgbéga

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó sí ìgbìmọ̀ ìgbéga rí, ẹ gbà mí. Ipò senior ni mò ń lé. Iṣẹ́ tó tóbi jù lọ́wọ́ mi ni bí mo ṣe fi logical replication (ọ̀nà tí database kan fi ń da ìyípadà inú rẹ̀ kọ sínú òmíràn bó ṣe ń ṣẹlẹ̀) kó database wa láti ẹ̀yà 11 PostgreSQL, sọ́fíwià tó ń tọ́jú dátà wa, lọ sí ẹ̀yà 15, tí áàpù ò dáwọ́ dúró ju ìṣẹ́jú 4 lọ. (Sequence, ìyẹn òǹkà tó ń fún àkọsílẹ̀ tuntun ní nọ́ńbà ID, kì í bá a lọ o, ọwọ́ ni mo fi tún wọn tò kí ID má baà kọlu ara wọn.) Àmọ́ lọ́ọ̀gì wa (àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe) kì í pẹ́ ju ọjọ́ 30 lọ, iye àsìkò tí query (ìbéèrè tí áàpù ń fi ránṣẹ́ sí database) ń gbà tẹ́lẹ̀ ti pòórá. Mo tú git log (ìtàn àyípadà kóòdù wa) àti tíkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, déètì nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣé kí n gbé backup àtijọ́ sórí ẹ̀rọ ìdánwò, kí n wọn àsìkò query níbẹ̀, àbí ìgbìmọ̀ á ní nọ́ńbà àtọwọ́dá ni?