"Ẹlẹ́wọ̀n-ogun ọmọdé" kẹ̀? Ẹ bá mi yọ "oní" yẹn kúrò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ̀dá wa láti Òǹdó ní ká máa pe àwọn ọmọ tí sójà tì mọ́lé nígbà ogun ní "ẹlẹ́wọ̀n-ogun ọmọdé", wọ́n ní ó ti wà nínú ìwé ìléwọ́ tí wọ́n fẹ́ pín fáwọn tíṣà ní Àkúrẹ́. Inú mi ò dùn sí i rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, wọ́n sì ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí n tó mọ a, b, d, kò sẹ́ni tó ń bá wọn jiyàn ìyẹn, àmọ́ eléyìí ò dáa.

"Oní" inú ẹ̀ nìjà mi: oní àti ẹ̀wọ̀n ló pọ̀ di ẹlẹ́wọ̀n. Onílé ló nilé, ẹlẹ́ran ló lẹran, tẹ́ ẹ bá wá pe ọmọ ọdún mọ́kànlá lẹ́lẹ́wọ̀n, ẹ ti sọ ẹ̀wọ̀n di tiẹ̀ nìyẹn, bíi pé adájọ́ ti dájọ́ fún un. Àwọn tí wọ́n tì mọ́ bárékè sójà tí wọ́n ń pè ní Giwa ní Maiduguri, ọmọ ọwọ́ tí wọ́n mú mọ́ ìyá ẹ̀ wà nínú wọn. Ẹ̀wọ̀n wo ni ọmọ ọwọ́ ní?

Òfin gan-an ò sọ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 1989, abala 37, ní àfi tí ọ̀nà míì ò bá sí mọ́ ni kí wọ́n tó ti ọmọ mọ́lé, kó má sì pẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n má kó o pọ̀ mọ́ àgbà. Ìlànà Paris ti 2007, lórí àwọn ọmọ tí wọ́n fà wọ ogun, ní ọmọ tó bá wà lọ́dọ̀ àwọn agbébọn, ẹni tí wọ́n ṣe níkà ni ká kọ́kọ́ kà á sí, kódà kí wọ́n fẹ̀sùn kàn án. Ìjọba wa náà tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú UN lọ́dún 2022 pé kó tó pé ọjọ́ 7, kí sójà ti gbé ọmọ fáwọn tó máa tọ́jú ẹ̀. Ọjọ́ 7 péré, àmọ́ orúkọ tẹ́ ẹ sọ ọ́ á lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ọmọ àhámọ́" ni tèmi. Wọ́n há a mọ́, ẹnìkan ló há a mọ́, òun ló yẹ ká bi léèrè. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ ní "àhàmọ́", há ni o, ohùn òkè, bí eegun ṣe ń há èèyàn lọ́fun.

Ìyá mi àgbà ta gààrì ní Ọjà Ọba. Lọ́jọ́ kan wọ́n ti ọmọkùnrin kan mọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó bu gààrì jẹ, ó ṣì wà létè ẹ̀ bó ṣe ń sunkún, wọ́n ń pariwo olè, olè. Màmá ní, "Ẹ má pè é lólè, ọmọ tó jalè ni." Mo kéré, mo rò pé ọ̀kan náà ni.

Àǹtí tó bi mí pé "aláìsàn", tí "oní" wà nínú ẹ̀ náà, ńkọ́, òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó ra àìsàn, mi ò tíì rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n a kì í fi aláìsàn bú ọmọ ẹni, ẹlẹ́wọ̀n la fi ń bú u.

Ti "ọmọ ogun kékeré" tí bọ̀dá tún ní ká máa pe ọmọ tí wọ́n fi jagun, ọmọ ogun ti jẹ́ sójà tẹ́lẹ̀ o, "kékeré" yẹn á kàn dà bíi ráńkì. A ṣì máa jà á. Ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ ẹlẹ́wọ̀n kúrò kí ìwé yẹn tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé lọ́jọ́ Mọ́ńdè.